Ohun Tó Ń Dá Aláìsàn Padà Lójú Ọ̀nà Dókítà Ojú

Láàárín ọdún 2005 sí 2007, àwọn oníṣègùn ojú lọ káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà láti mọ iye àwọn tó fọ́jú nínú àwọn tó ti pé ọmọ 40 ọdún sókè, àti ohun tó fọ́ wọn lójú. Wọ́n yẹ ojú èèyàn tó ju 13,000 lọ wò, wọ́n sì rí i pé nínú 100 èèyàn tó wà ní ọjọ́ orí yẹn, ó lé ní mẹ́rin tó ti fọ́jú, èyí tó fi hàn pé àwọn afọ́jú tó ti pé 40 ọdún nìkan ti ju mílíọ̀nù kan lọ ní orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Ohun tó gba àròjinlẹ̀ jù nínú àbájáde ìwádìí náà ni pé nínú 100 afọ́jú, 84 ló jẹ́ pé ohun tó fọ́ wọn lójú ṣeé dènà tàbí ṣeé wò, àti pé kátárátì, tí iṣẹ́ abẹ tí kì í sábà tó wákàtí kan lè mú kúrò, ló fọ́ 43 nínú wọn lójú.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ó yẹ kí a béèrè ohun tó fà á tí àìsàn tó ṣeé wò fi ń sọ èèyàn di afọ́jú ní ilẹ̀ tí dókítà ojú wà, tí wọ́n sì ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdáhùn tó máa ń yá àwọn aláṣẹ lẹ́nu ni pé àìmọ̀kan ló ń bá àwọn ará ìlú jà, pé wọ́n ń bẹ̀rù ọ̀bẹ, pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti burú jáì ni wọ́n tó ń wá sí ilé ìwòsàn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju díẹ̀ náà lọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tẹ̀ lé aláìsàn kan láti ilé rẹ̀ títí dé yàrá iṣẹ́ abẹ yóò rí i pé ẹnubodè pọ̀ lójú ọ̀nà náà, pé ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ onírìn àjò, ìyẹn owó, ọjọ́ iṣẹ́ àti alábàárìn, àti pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rù jẹ́ ìṣirò tí aláìsàn ti ṣe nínú ilé rẹ̀ kó tó pinnu pé òun yóò kúkú jókòó.

Ẹnubodè àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n lọ bá. Lójú ará ìlú, ẹnikẹ́ni tó bá ti ń tan iná sí ojú ẹni ti di dókítà ojú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó kéré tán, irú òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Dókítà onímọ̀ àkànṣe nípa ojú ni ẹni tó kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn gbogbogbòò, tó sì tún lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i ní ilé ìwòsàn ńlá láti kọ́ nípa àìsàn ojú àti bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni kejì, tí wọ́n ń pè ní optometrist, kọ́ ẹ̀kọ́ yunifásítì nípa bí ojú ṣe ń ríran, òun ló ń yẹ ojú wò, tó ń sọ irú jígí tó bá ojú kọ̀ọ̀kan mu, tó sì lè tètè dá ọ̀pọ̀ àìsàn mọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni kẹta ni ẹni tó ń gé jígí, tó ń fi í sínú férémù, tó sì ń tà á. Àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ nípa ojú náà wà, wọn kò pọ̀, àwọn gan-an ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ojú ró láìsí ariwo. Nígbà tí ààlà àárín àwọn wọ̀nyí kò bá yé aláìsàn, ó lè pààrọ̀ jígí ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ṣọ́ọ̀bù kan náà láàárín ọdún méjì nígbà tó jẹ́ pé àìsàn tó ń jẹ ojú rẹ̀ láti inú kì í ṣe ti jígí rárá. Àwọn dókítà àti àwọn optometrist fúnra wọn kò sì yéé bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ni àṣẹ láti ṣe kí ni, àríyànjiyàn tí kò tíì ran aláìsàn kankan lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni gbogbo èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kò tọ́. Iye tí ilé ìwòsàn bá dá fún iṣẹ́ abẹ kátárátì kọ́ ni iye tí aláìsàn ń ná. Kátárátì ni kí lẹ́ǹsì tí Ọlọ́run dá sínú ẹyinjú, tó yẹ kó mọ́ gaara kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi funfun, gẹ́gẹ́ bí omi ara ẹyin adìẹ ṣe ń di funfun nígbà tí iná bá rà á. Kò sí oògùn kíkán tó lè dá a padà. Ohun tí dókítà ń ṣe ni pé yóò yọ lẹ́ǹsì tó ti ṣú náà, yóò sì fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá kékeré rọ́pò rẹ̀. Kí èyí tó ṣeé ṣe, wọ́n ní láti wọn ẹyinjú kí wọ́n lè mọ nọ́ńbà lẹ́ǹsì tó yẹ ẹni náà, wọ́n ní láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀, nítorí pé bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru aláìsàn kò bá wálẹ̀, wọn yóò ní kó lọ tọ́jú ìyẹn ná. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oògùn kíkán wà tí yóò lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, jígí ìkàwé sì lè tẹ̀ lé e. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń san owó lé lórí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni ṣírò àpapọ̀ rẹ̀ fún ẹbí aláìsàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá apá wọn yóò ká a.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá nínú 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn dókítà onímọ̀ àkànṣe nípa ojú pọ̀ sí jù ni Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá UCH (University College Hospital) àti ilé ìwòsàn ojú ti Ẹ̀lẹ́ta wà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Kìṣí ní láti gba Ìgbẹ́tì já sí Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí kó gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn, èyíkéyìí tó bá gbà, ọjọ́ kan ti lọ. Nítorí pé ojú ni wọ́n ń bá kiri, kò lè dá nìkan rìn, nítorí náà èèyàn méjì ló ń wọkọ̀, èèyàn méjì ló ń jẹun lọ́nà, ẹni tó sì ń fà á lọ́wọ́, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀, ti pa oko, ọjà tàbí ilé ẹ̀kọ́ tì. Bí a bá wá ka iye ìgbà tí wọ́n ní láti lọ, èkíní fún àyẹ̀wò, òmíràn fún wíwọn ojú àti gbígba èsì, òmíràn fún iṣẹ́ abẹ gan-an, ọjọ́ kejì rẹ̀ fún ṣíṣí ojú, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà oṣù kan, yóò hàn gbangba pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ará Kìṣí ṣì ní owó púpọ̀ láti wá.

Ọjọ́ tí aláìsàn bá sì dé ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, iṣẹ́ ọjọ́ náà kò kéré. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa tí èrò ti ń tò síwájú ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Lẹ́yìn káàdì, wọn yóò tò síbi tí wọ́n ti ń sanwó, bí ẹ̀rọ ìsanwó kò bá sì ṣiṣẹ́, wọn yóò dúró. Nọ́ọ̀sì yóò wá pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan síwájú pátákó tí wọ́n kọ lẹ́tà sí láti ńlá dé kékeré. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, lẹ́tà E ni wọ́n ń lò, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, aláìsàn yóò sì máa fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kán oògùn tó ń mú kí ọmọlójú là, kí dókítà lè rí ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún. Oògùn náà máa ń ta ojú díẹ̀, ó ń gba àkókò kó tó ṣiṣẹ́, ìgbà mìíràn wọ́n á tún un kán, fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ sì rèé, aláìsàn kò ní lè rí ohun tó wà nítòsí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á sì máa pa á lójú. Ìgbà tí ó bá jókòó síwájú dókítà, ọ̀sán ti pọ́n, dókítà náà ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣì wà lẹ́yìn, nítorí náà ìṣẹ́jú tí wọ́n jọ lò pọ̀ kì í tó nǹkan. Níbẹ̀ gan-an ni ó ti yẹ kí wọ́n ṣàlàyé fún un ní èdè tó gbọ́ ohun tó ń ṣe é, ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ padà wá, àti iye tí yóò ná an. Ohun tó sì sábà ń bá a dé ilé ni ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oògùn sí àti ọjọ́ tí wọn yóò tún rí i.

Ètò ìbánigbófò ìlera ì bá ti gbé díẹ̀ kúrò lọ́rùn wọn. Ọdún 2005 ni ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n dandan orí ìwé ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ìyá ọlọ́jà, tí wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí kátárátì ń mú, kò sí níbẹ̀. Nínú gbogbo 100 náírà tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 tó ń jáde láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Lẹ́ǹsì àtọwọ́dá àti ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn ojú sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, nítorí náà nígbà tí ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó oògùn fò sókè mọ́ àwọn aláìsàn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò kúrò níbi tó wà.

Bí ẹni náà bá tilẹ̀ lówó, ó ku ẹni tí yóò ṣe é. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìfọ́jú dá ètò tí wọ́n pè ní VISION 2020 sílẹ̀ ní 1999, wọ́n fi í ṣe góńgó pé kí dókítà onímọ̀ àkànṣe mẹ́rin, ó kéré tán, wà fún mílíọ̀nù èèyàn kọ̀ọ̀kan ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, wọn kò tíì pé mẹ́ta fún mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní agbègbè náà nígbà tí wọ́n kà wọ́n pọ̀. Ìṣirò yìí pàápàá ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, torí pé ó ń pín dókítà kárí bí ẹni pé wọ́n wà níbi gbogbo, nígbà tó jẹ́ pé, ní Nàìjíríà, Èkó, Ìbàdàn, Àbújá àti àwọn olú ìlú ìpínlẹ̀ ni wọ́n kó jọ sí. Ó sì tún níbi tí ó le sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rẹ́tínà, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú tó ń gba àwòrán ohun tí a ń wò, lè ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, bí àárín gbùngbùn rẹ̀ bá sì ti ṣí, ọjọ́ díẹ̀ péré ló wà láàárín ẹni tí yóò tún ríran dáadáa àti ẹni tí kò ní ríran bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní gbogbo Nàìjíríà kò pọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò wọ́n, ó sì nílò iná tí kì í kú láàárín iṣẹ́. Ẹni tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí kí wọ́n darí rẹ̀ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn ti pàdánù ohun tó ń lọ tọ́jú kó tó dé ibẹ̀.

Àwọn dókítà tó wà sì ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Saudi Arabia ń gba àwọn tí UCH, LUTH ní Èkó àti àwọn ilé ìwòsàn mìíràn kọ́ níṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n wá ibi tí owó oṣù ti tó gbọ́ bùkátà. Àwọn tó dúró pẹ̀lú máa ń yanṣẹ́ lódì nígbà tí ọ̀rọ̀ owó oṣù bá dójú ẹ̀: ní 2021, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ àkànṣe yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá. Ẹni tí wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún ní àárín oṣù Kẹjọ ọdún náà, tó ti yá owó ọkọ̀, tó sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ tí yóò mú un lọ, ilé ló padà sí. Bóyá ó tún jáde ní oṣù Kẹwàá, kò sí ìwé tí wọ́n kọ ìyẹn sí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, kò yẹ kó yani lẹ́nu pé kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń sá lọ. Kẹ́míìsì kì í gba káàdì, kì í dá ọjọ́, ó sì ń ta oògùn kíkán fún ẹni tó bá sọ pé ojú ń yún òun tàbí pé ó pọ́n. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn oògùn kan tó ń tètè pa ojú yíyún àti pípọ́n ní èròjà sìtẹ́rọ́ìdì nínú, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń kán an fún ìgbà pípẹ́ láìsí àbójútó, ó lè mú kí ìfúnpá inú ẹyinjú lọ sókè kó sì ba ojú jẹ́ láìsí ìrora kankan. Nǹkan mìíràn tí wọ́n ń kán sójú kò níye, láti orí omi ọmú, omi iyọ̀ àti omi ṣúgà títí dé ìtọ̀ àti oje ewé. Bí ó bá jẹ́ àpólò lásán ló ń ṣe ojú náà, yóò san fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹni náà á sì gbà gbọ́ pé ohun tí òun kán ló wò ó. Bí ó bá jẹ́ egbò ló wà lórí dígí ojú, ìyẹn ìbòrí tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, ohun tó kán náà lè ba ojú jẹ́ ráúráú.

Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú kátárátì tún wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ti wà láti ayébáyé, ó sì wọ́pọ̀ ní Àríwá ju ìhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù lọ. Wọn kì í yọ lẹ́ǹsì tó ti ṣú. Ṣe ni wọ́n ń fi ohun mímú tì í ṣubú sínú ẹyinjú, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè tí a ti mẹ́nu bà lókè rí i pé nínú àwọn ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nítorí kátárátì, ó lé ní ìdá 40 nínú 100 tó jẹ́ pé gígún ni wọ́n gún wọn, nínú àwọn ojú tí wọ́n gún náà sì rèé, nǹkan bí ìdá 73 nínú 100 ló ti fọ́. Àwọn obìnrin àti àwọn ará ìgbèríko ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gún lójú. Ó rọrùn láti pe irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní òpè, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́: ẹni tó ń gún ojú wá bá a nílé, iye tó gbà kò pọ̀, kò gba ọjọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, aláìsàn sì rí ìka ọwọ́ níwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tí ojú bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í wú, agúnjú ti dé ìlú mìíràn. Ohun tí ilé ìwòsàn ńlá fi lọ ẹni kan náà ni ìrìn àjò mẹ́fà.

Síbẹ̀, kátárátì ṣì fi ara rọ díẹ̀, nítorí pé ẹni tó pẹ́ kó tó débẹ̀ ṣì lè ríran padà lọ́pọ̀ ìgbà. Glaucoma kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ojú, omi kan wà tó ń sun tó sì ń ṣàn jáde nígbà gbogbo. Bí ọ̀nà tó ń gbà jáde kò bá ṣe déédéé mọ́, ìfúnpá inú ẹyinjú máa ń ga, yóò sì máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Ti irú èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa, kò sí ìrora, ojú kì í pọ́n, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ojú ń rí ló sì kọ́kọ́ máa ń lọ, nítorí náà ẹni náà yóò ṣì máa ka ìwé, yóò ṣì máa mọ ojú èèyàn, títí ìríran rẹ̀ yóò fi kéré bí ihò kọ́kọ́rọ́. Ìwádìí náà fi hàn pé nǹkan bí ẹni márùn-ún nínú 100 àwọn tó ti pé 40 ọdún ló ní i, pé ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló ti fọ́jú nígbà tí wọ́n rí wọn, àti pé àwọn tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní i kò pé mẹ́fà nínú 100. Èyí tó ti lọ kò ní padà wá mọ́, bó ti wù kí dókítà mọṣẹ́ tó.

Ibí yìí ni ètò ìlera ojú ti kùnà jù, nítorí pé wọ́n kọ́ gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ń wá ìwòsàn, glaucoma sì ń béèrè ẹni tí yóò máa bá a lọ títí ayé. Aláìsàn tí wọ́n bá kọ oògùn kíkán fún gbọ́dọ̀ máa kán an lójoojúmọ́, kó sì máa rà á lóṣooṣù, láìrí ìyàtọ̀ kankan nínú ojú rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ oògùn náà ni láti dá ìyókù dúró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń da owó sómi. Latanoprost, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó ṣiṣẹ́ jù, sábà ní láti wà nínú fíríìjì títí wọn yóò fi ṣí i, ìgo rẹ̀ kò sì ju bí àtàǹpàkò lọ. Bí iná kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ni yóò mọ ohun tó ṣẹ́ kù nínú agbára rẹ̀? Ìyá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n yóò gbé orí sẹ́yìn, yóò tẹ ìgo, ẹ̀kán kan yóò bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èkejì sí ìpéǹpéjú, èyí tó yẹ kó lò fún oṣù kan yóò sì tán ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni ní ilé ìwòsàn ní kó kán an lójú wọn kí wọ́n lè wò ó. Iṣẹ́ abẹ wà fún glaucoma pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í mú kí ojú mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, ẹni tí wọn kò bá ṣàlàyé èyí fún dáadáa yóò sì padà lọ sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun, kò jẹ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ń dá èèyàn púpọ̀ dúró.

Nínú ẹbí fúnra rẹ̀, ìpín kò dọ́gba. Ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè náà rí i pé àwọn ọkùnrin tí kátárátì fọ́ lójú ń rí iṣẹ́ abẹ gbà ju àwọn obìnrin lọ dáadáa. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ìyá àgbà kì í sábà ní owó lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ń retí ọmọ tó wà ní Èkó, ó ń sọ pé kí wọ́n fi ṣe owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ná, pé ohun tí òun fẹ́ fi ojú wò láyé kò pọ̀ mọ́. Nígbà tó bá jẹ́ pé òun ló ń tọ́ ọmọ ọmọ, kò sì sí ẹni tí yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọmọdé tún yàtọ̀, nítorí pé ọpọlọ ọmọ ń kọ́ bí a ṣe ń ríran ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, bí kátárátì bá sì dí ojú ọmọ ọwọ́ tí wọn kò tètè yọ ọ́, ojú náà lè mọ́ lẹ́yìn náà kí ọpọlọ má sì mọ bí yóò ṣe lò ó. Bí ohun funfun bá ń tàn nínú ọmọlójú ọmọdé, ó sì lè jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ inú ojú, èyí tó ń gba ẹ̀mí. Iṣẹ́ abẹ ọmọdé nílò oògùn tí yóò mú un sùn pátápátá àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọmọdé ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, èyí ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tó ń ṣe ti àgbàlagbà fi ń darí ọmọdé lọ sí ibòmíràn.

Ohun tí ìjọba àti àwọn olóṣèlú sábà ń ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Ètò Jigi Bọ́lá, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, láàárín 1999 sí 2007, pín jígí, ó sì ṣètò iṣẹ́ abẹ ojú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn aṣòfin sì ti sọ irú rẹ̀ di àṣà ọjọ́ ìbí. Kò sí ẹni tó ríran padà lọ́wọ́ wọn tí yóò bú wọn. Ṣùgbọ́n dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún 100 èèyàn ní ìlú kan ní ọjọ́ Sátidé ti kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹni tí ojú rẹ̀ bá wú ní ọjọ́ Ẹtì kò mọ ẹni tí yóò bá, ẹni tí wọ́n bá sì rí glaucoma lójú rẹ̀ ti gba ìgo oògùn kan lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó yẹ kó máa rà fún ìyókù ayé rẹ̀.

Ní Madurai, ní gúúsù Íńdíà, Dókítà Govindappa Venkataswamy bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn Aravind ní 1976 pẹ̀lú ibùsùn 11, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Owó tí àwọn tó lágbára ń san ni wọ́n fi ń gbé àwọn tí kò ní, ní 1992 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́ǹsì àtọwọ́dá fúnra wọn, èyí tó já owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Èyí tí àwọn aláwòkọ́ṣe rẹ̀ sábà ń gbójú fò ni pé Aravind kì í dúró kí aláìsàn wá: wọ́n ń lọ yẹ ojú wò ní abúlé, wọ́n ń fi ọkọ̀ tiwọn kó ẹni tí iṣẹ́ abẹ tọ́ sí, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n sì ń dá a padà sílé, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá àwọn ibùdó kéékèèké sílẹ̀ ní ìgbèríko níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń bá dókítà ìlú ńlá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ojú tó wà níwájú rẹ̀. Ibi tí owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ ti ń kúrò lọ́rùn aláìsàn nìyẹn.

Òkè-Ògùn kò nílò ilé ìwòsàn bí UCH kí irú rẹ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ojú kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ṣakí tàbí Kìṣí, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá inú ojú, tó lè ṣí ojú ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, tó sì lè wò bí ìyá àgbà ṣe ń kán oògùn, lè sọ ìrìn àjò mẹ́fà di méjì. Ti glaucoma tilẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ láti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àìsàn náà ń tẹ̀ lé ìdílé, ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó ní i sì wà nínú ewu rẹ̀ ní ìlọ́po púpọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé náà àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ti wà lórí káàdì tó wà nínú yàrá ìkófáìlì ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àbúrò rẹ̀ tó ti lé ní 40 ọdún ṣì ń ríran, wọ́n ṣì ń wa ọkọ̀, wọ́n ṣì ń lọ sí oko, kò sì tíì sí ẹni tó pè wọ́n.